Mo sá fún NEPA n'Íbàdàn, àṣé NEPA ti ṣáájú mi dé Houston

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ màmá mi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wọ́n o. Mo ti pa irọ́ kan fún wọn, irọ́ náà ṣì dúró digbí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kó wó.

Ọ̀rọ̀ iná ni. Iná mọ̀nàmọ́ná. Èmi tí mo fi àbẹ́là kàwé WAEC, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa jẹ́n tí okùn ẹ̀ ò ní já, tí mo lè fi ìró tí fíríìjì bá dún mọ̀ pé iná tó dé yìí ò ní pẹ́ẹ́ lọ, èmi yìí náà ni mo dé Houston, ní Texas, Amẹ́ríkà gidi, tí wọ́n wá gé iná mi.

Nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́, gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ pé Houston ni kí n lọ. Wọ́n ní má wulẹ̀ yà sí New York o, réǹtì ibẹ̀ á tú ẹ sí ìhòòhò, Houston ò wọ́n, àwọn èèyàn wa kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àti pé ìpínlẹ̀ Texas kì í yọ owó orí tiẹ̀ lára owó iṣẹ́ èèyàn. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọn ò kàn sọ ni pé ibi tí wọn ò bá ti yọ ọ́, wọ́n mọ ibòmíì tí wọ́n á ti yọ ọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀ (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò tíì fọkàn tán ṣáwà nígbà yẹn). 4.98 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti di dọ́là márùn-ún mọ́wọ́, mo tiẹ̀ ń ronú pé wọ́n á fún mi ní ṣéńjì. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní 5.39. Mo ní rárá o, ẹ wò ó dáadáa. Ó ní táàsì ni. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi, ká ní Bódìjà ni, èmi àti ẹ̀ á jọ ná an débi tí á fi rẹ̀ ẹ́. 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ọjà ní Houston, oúnjẹ tí èèyàn á lọ sè nílé ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ dáadáa, wọn ò sì ní kọ ọ́ mọ́ ọn lára, ìgbà tó o bá dé iwájú ẹni tó ń gbowó lo máa tó gbọ́.

Ilé náà ńkọ́? Wọ́n ní dọ́là 875, yàrá kan àti pálọ̀, nítòsí òpópónà Bissonnet, ibi tí èèyàn ti lè ra iṣu àti pọ̀nmọ́ láìrìn jìnnà. Mo ní a dúpẹ́. Ìwé dé, wọ́n ti lẹ owó omi mọ́ ọn, wọ́n lẹ owó oògùn aáyán mọ́ ọn, wọ́n tún wá fi dọ́là 25 sí i lóṣù, wọ́n ní owó ìdọ̀tí ni, pé ẹnì kan á máa wá gbé ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà mi lálẹ́. Mo ní ẹsẹ̀ mi ò ṣẹ́, mo lè lọ dà á nù fúnra mi. Wọ́n ní dandan ni, ò báà máa jẹ ìdọ̀tí ẹ, wàá san án. Mo fi náírà 1,500 sí dọ́là kan ṣírò ẹ̀, náírà 37,500, lóṣooṣù, fún ìdọ̀tí. Mo wá ibì kan jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n tí mo kọ́kọ́ wọ̀ sí lọ́dọ̀ ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, "Yéé sọ dọ́là di náírà o, tó o bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ o ò ní jẹun nílùú yìí."

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná.

Ní Houston, kò sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ta iná fún gbogbo èèyàn bíi tiwa nílé. Láti 2002 ni Texas ti ṣí ọjà yẹn sílẹ̀, ìwọ fúnra ẹ lo máa mú ẹni tó máa ta iná fún ẹ, wọ́n sì pọ̀ bí àwọn tó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn, kálukú pẹ̀lú iye tiẹ̀ àti ìlérí tiẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni tòru, wọn ò ní pariwo iye tí wọ́n ń ta tọ̀sán. Àwọn tí mo kọ́kọ́ pè wo kírẹ́díìtì mi (kì í ṣe ti fóònù o, àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè ni), wọn ò rí nǹkan kan, mo dà bí ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí n fi dọ́là 250 dógò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ibi tí mo ti ń wá kiri ni mo ti rí àwọn kan tí wọn ò gba dógò, wọn ò béèrè kírẹ́díìtì, kó o ṣáà ti sanwó sílẹ̀ kó o máa lò ó. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n! Prepaid! Èmi tí mo ti ń tẹ nọ́ńbà sínú mítà látọjọ́ tó ti pẹ́, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní prepaid? Mo fi dọ́là 60 sí i, ọjọ́ Ọjọ́rú ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo rí nǹkan kékeré kan lára ògiri pálọ̀, òun ló ń darí AC. 78 ló wà lára ẹ̀. Mo ní 78 kẹ̀! Ṣé wọ́n fẹ́ yan mí jẹ ni? Níbi iṣẹ́ tí mo wà n'Íbàdàn, 16 ni ọ̀gá wa máa ń fi AC sí, ìyẹn lọ́jọ́ tíná bá wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń tẹ̀ ẹ́, ó dé 60, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Mo ní àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ ká jẹ̀gbádùn, ó dáa, ká máa fi 60 ṣe é bẹ́ẹ̀. Fahrenheit ni wọ́n ń lò, èmi ò mọ̀. Ìgbà tí nǹkan bà jẹ́ tán ni mo ṣírò ẹ̀, tí mo rí i pé 60 tiwọn yẹn gan-an ni 16 ọ̀gá wa.

Oṣù karùn-ún la wà, ìta ti lé ní 90 tiwọn, ooru ẹ̀ sì lómi nínú bíi ti Èkó. AC ilé yẹn ò lè dé 60 láéláé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó ń lé 60 kiri láàárọ̀, ó ń lé e lọ́sàn-án, ó ń lé e lóru, kò sinmi, kò mumi. Èmi náà wà nínú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì borí, mò ń gbọ̀n, mò ń yin Ọlọ́run. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mò ń bá wọn tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ọ̀sán ni mo máa ń sùn, torí náà ìgbà tí oòrùn bá mú jù lọ gan-an ni AC mi ń ṣe agídí jù. Iná ló ń se oúnjẹ nílé yẹn, iná ló ń mú omi gbóná, iná ló ń gbẹ aṣọ. Mo se ẹ̀wà fún wákàtí mẹ́ta. Mo gbẹ ìbọ̀sẹ̀ méjì péré nínú ẹ̀rọ tó tóbi bíi pósí.

Ní gbogbo àárọ̀, mẹ́sééjì kan máa ń wọlé. Mi ò kà á. Mo rò pé irú ti ilé ni, àwọn tó máa ń sọ fún ẹ pé o ti fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ mílíọ̀nù kan, kó o ṣáà tẹ 1, lọ́la wàá rí i pé wọ́n ti fi orin sí fóònù ẹ tí wọ́n sì ti yọ owó. Ọjọ́ kẹta, mo bílọ́ọ̀kù nọ́ńbà náà. Mo tiẹ̀ gbóríyìn fún ara mi pé wọn ò lè mú ọmọ Ìbàdàn bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé ẹ̀wà kaná, mo ní kí n rẹjú díẹ̀ kó tó rọ̀ (mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ má bá mi wí). Ooru ló jí mi. Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí, pé àyà mi ò já rárá. Ara ti mọ̀ ọ́n. Mo kàn kùn lójú oorun pé, "wọ́n ti mú un lọ nìyẹn," mo bọ́ súwẹ́tà, mo yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó la ojú kan. Mo ní dúró ná. Houston nibí!

Mo fò dìde, mo ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà máa ń ṣe, mo yọjú lójú fèrèsé wò bóyá àwọn ará ibí yìí náà ò níná. AC wọn ń dún. Tèmi nìkan ni.

Mo gbọ̀nà ọ́fíìsì ọgbà náà lọ, súwẹ́tà ń bẹ léjìká, òógùn ń bọ́. Màmá kan tó wà níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé mo ti san light bill mi, àwọn náà ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Mo ní mo ti san, prepaid ni. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n." Kò sọ nǹkan míì. "Ẹ̀ẹ́n" yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Mo padà sílé, mo ṣí nọ́ńbà tí mo bílọ́ọ̀kù, mo lọ wo ohun tí wọ́n ti ń kọ ránṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn yẹn bẹ̀ mí. Lánàá o lo dọ́là 8 ó lé, ó ku 27. Lánàá o lo dọ́là 9, ó ku 18. Jọ̀ọ́ fowó sí i. Jọ̀ọ́, ó ku 2. Jọ̀ọ́, a máa gé e lónìí o. Kò sí bí ẹ̀dá ṣe lè bẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Dọ́là 23 ló wà lákáǹtì mi, Fúráìdè ni wọ́n máa sanwó. Mò ń ṣírò ẹ̀ lọ́wọ́ ni màmá mi pe WhatsApp, oní fídíò. Aago kan ọ̀sán lọ́dọ̀ mi, aago méje alẹ́ lọ́dọ̀ wọn, gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò lórí wọn, fáànù ń fẹ́ gèlè wọn.

"Àkànní, kí ló dé tó ṣókùnkùn báyìí? Ẹ ò níná ni?"

"Iná kẹ̀? Mọ́mì, Amẹ́ríkà mà ni. Mo fa kọ́tìnì kí n lè sùn ni."

"Òógùn wo wá nìyẹn?"

"Mò ń ṣe eré ìdárayá ni, mà."

"Eré ìdárayá lójú oorun?" Wọ́n sún mọ́ fóònù. "Àwa rèé o, láti ìjẹta wọn ò tíì mú tiwa, wọ́n ti gbé wa sí Band A."

Mo ní, "Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò? Mọ́mì, ẹ ń já o," mo pa fóònù.

Mo fi dọ́là 20 sí i. Mo jókòó ti fíríìsà, mo gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń gbàdúrà fún aláìsàn, torí ẹran ewúrẹ́ àti pánlá tó wà níbẹ̀ ju gbogbo owó tó kù mí kù lọ. Kò sẹ́ni tó gbé àkàsọ̀ wá, kò sẹ́ni tó gun òpó, kò sẹ́ni tó béèrè owó ọtí, ẹnì kan kàn tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà níbì kan, kò tó wákàtí kan, fíríìsà kùn, AC hó, gbogbo nǹkan tàn, ẹnu mi ò sì béèrè lọ́wọ́ mi:

"UP NEPAAAA!"

Ọgbà dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti òkè orí mi gan-an, ohùn ọkùnrin kan: "UP NEPAAAA!"

Kò pẹ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá kan ni, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò àdìrẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ káàsán, sà. Wọn ò dáhùn, ara ògiri ni wọ́n kọjá lọ tààrà. Wọ́n rí 60.

"Yéè! Ṣé òkú lò ń tọ́jú síbí ni?"

Wọ́n gbé e padà sí 78. Wọ́n jókòó, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní jẹ́n wà lọ́dọ̀ àwọn lókè, àtìgbà tí ìjì Beryl ti mú iná lọ lóṣù keje 2024 làwọn ti rà á, pé aya àwọn ní kí àwọn sọ ọ́ nù, àwọn ní láéláé.

Wọ́n wo sítóòfù. "Ẹ̀wà nìyẹn? Kò tíì jinná? Èélòó ló kù ní mítà ẹ?"

Mo ní bíi dọ́là 17, sà.

"Títí di Fúráìdè? Pẹ̀lú ẹ̀wà?" Wọ́n dìde, wọ́n wá àkísà, wọ́n gbé ìkòkò náà. "Tèmi kì í ṣe prepaid. Jẹ́ n lọ bá ẹ sè é lókè."

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ wọn gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ fún mi. Ẹ̀wà ti rọ̀ dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ti fi epo àti edé sí i. Ó ku ìdajì. Mi ò béèrè nǹkan kan, mo kà á sí owó iná.