Ọdún Kan, Orúkọ Méjì: Ohun Tí Mo Rí ní Jàpáànì ní 2019

Oṣù kẹta ọdún 2019 ni mo dé Tokyo, mo sì lo ọdún náà tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni ọdún kan ṣoṣo yẹn jẹ́. Heisei 31 ni wọ́n ń pè é nígbà tí mo dé. Kí ó tó parí, ó ti di Reiwa 1. Iye ọdún tí ọba ti lò lórí ìtẹ́ ni wọ́n fi ń ka ọdún nínú ìwé ìjọba, bí ọba tuntun bá sì gorí ìtẹ́, wọn a fún ìgbà rẹ̀ ní orúkọ tuntun, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, Yoshihide Suga, agbẹnusọ ìjọba, gbé férémù kan sókè lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kéde orúkọ tuntun náà. Inú Man'yōshū, àkójọ ewì àtijọ́ tiwọn, ni wọ́n ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé inú ìwé àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti máa ń mú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn ènìyàn tí mo ti mọ̀ sí ẹni tí kì í yẹ̀ lórí ìlà ń du ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìyá àgbà tí mo gba yàrá lọ́dọ̀ wọn ní Sugamo sọ fún mi pé, "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ọba tuntun ń jẹ lójú mi, ṣùgbọ́n èyí nìkan ni a lè yọ̀ sí." Nígbà tí Ọba Hirohito wàjà ní oṣù kìíní ọdún 1989, ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Heisei. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọba Akihito, ẹni ọdún 85, fúnra rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ Naruhito, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1817. Èmi tí mo dàgbà níbi tí ọba kì í ti í fi ìtẹ́ sílẹ̀ láàyè àyàfi tí wọ́n bá rọ̀ ọ́ lóyè, ó yà mí lẹ́nu gidigidi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, òjò ń rọ̀, èmi àti Ìyá sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọba ka ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀, kò pẹ́ rárá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó jáde nínú gbọ̀ngàn, ó yípadà, ó sì tẹrí ba fún àwọn tó wà níbẹ̀. Ìyá náà tẹrí ba fún un láti orí ẹní, wọn kò sì tètè gbé orí sókè. Ní oṣù karùn-ún, mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀: akọ̀wé fi rúlà fa ìlà méjì lé Heisei lórí, ó sì rọra fi òǹtẹ̀ kékeré lu Reiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n ti Amẹ́ríkà, ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun, Washington Wizards mú Rui Hachimura, ọmọ Toyama, ní ipò kẹsàn-án, ó sì di ọmọ Jàpáànì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ NBA mú ní ìpele àkọ́kọ́. Ará Benin ni bàbá rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí Kétu wà, orí mi sì wú.

Ìjì Hagibis jà ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá. Búrẹ́dì tán lórí àtẹ, ọkọ̀ ojú irin dúró, fóònù gbogbo wa sì ń ké ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ní Yokohama, pápá dákẹ́ rọ́rọ́ fún àwọn olóògbé kí Jàpáànì tó na Scotland 28 sí 21 nínú ìdíje rọ́gíbì àgbáyé. Ilé oúnjẹ kékeré kan ni mo ti wò ó. Bàbá tó ń sun adìyẹ gbàgbé rẹ̀ sórí ẹyín iná títí ó fi jó, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, a jọ wo Kōhaku, ìdíje orin tí NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Jàpáànì, máa ń ṣe láàárín ẹgbẹ́ pupa àti ẹgbẹ́ funfun. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn àti àwòrán Misora Hibari, olórin tó ti kú láti ọdún 1989, ó sì kọ orin tí kò kọ rí láyé. Ìyá sunkún. Èmi kò fara mọ́ ọn: nílé wa, ẹbí ló ń pe ará ọ̀run wá sílé, tí wọn a sì tún sìn ín padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sin eléyìí padà? N kò lè sọ ọ́ fún Ìyá lójú omijé wọn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣí fèrèsé sí òtútù, a sì gbọ́ agogo tẹ́ḿpìlì tí wọ́n máa ń lù nígbà 108 ní òru ọjọ́ náà. Ìyá ń fi ìka kà á. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ogójì nígbà tí oorun gbé wọn lọ, mo da aṣọ bò wọ́n, mo sì ń kà á lọ.