Kíndìnrín Kì í Ké Kó Tó Bàjẹ́

Bí ẹ̀yìn bá ti ń dunni, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ síni lọ́kàn ni kíndìnrín. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan ẹ̀yìn lásán ni. Kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ń jẹ díẹ̀díẹ̀ kì í sábà dunni, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ nìyẹn.

Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ wẹ́wẹ́ tó tó bíi mílíọ̀nù kan. Àwọn méjèèjì ń sẹ́ omi bíi lítà 180 lóòjọ́, wọ́n ń dá èyí tó pọ̀ jù padà sínú ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀nba lítà kan sí méjì ló ń di ìtọ̀. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, asẹ́ á máa jò, albumin, ìyẹn èròjà protein kan tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa bá ìtọ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ asẹ́ le, kó sì fún, títí asẹ́ á fi di àpá. Àpá kì í padà di asẹ́.

Oògùn ara ríro ni kò yẹ ká fojú kéré. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín bá dínkù, prostaglandin, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló fi ń ṣí ẹnu òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac kì í jẹ́ kí ara ṣe èròjà yìí. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè lò wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń lo lisinopril (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) àti oògùn tó ń mú ni tọ̀, tó wá fi diclofenac lé e, kíndìnrín rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kó tètè bi dókítà léèrè èyí tó yẹ kó dá dúró ná.

Gentamicin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn), ìpara abóra tó ní mercury, òkúta tàbí prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) tó dí ọ̀nà ìtọ̀, gbogbo wọn náà ń ṣọṣẹ́.

Creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí láti ara iṣan tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù, lè má tíì ròkè títí ìdajì iṣẹ́ asẹ́ á fi lọ. Nítorí náà, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru máa yẹ albumin inú ìtọ̀ wò lọ́dọọdún. Bó bá tó 30 mg sí gíráàmù creatinine kan, tàbí tí eGFR (ìṣirò bí asẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí) kò tó 60, tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, àìsàn kíndìnrín ni. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ló dára jù fún àyẹ̀wò yìí. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ibà bá mú yín tàbí lẹ́yìn eré ìdárayá tó le, torí albumin lè ròkè fúngbà díẹ̀.