Rọ́bà Tó Há Ilẹ̀kùn Yàrá 214

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ mi ìbá ti yíwọ́. Ẹlòmíràn ni ì bá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ ròyìn mi fún yín lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ ọ́. Ọpẹ́ mi kò lè tó.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé ìlú tí n kò dé rí, èmi nìkan. Ọkọ̀ pẹ́ lọ́nà, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ọmọkùnrin tó ń gba àlejò wo ìwé ìrìnnà mi, ó na káàdì tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn sí mi, ó sì fi ohùn òkè sọ pé, “Yàrá 214, ẹ gòkè, ẹ yà sọ́wọ́ òsì.” Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn mi tí kò gbé ẹrù kankan. Mo rí bó ṣe gbójú sókè nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà yẹn.

Ọkàn mi sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé kí n ní kí wọ́n fún mi ní yàrá mìíràn, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n má pè é. N kò sọ ọ́. Ojú ló tì mí. Mo rò pé wọn á ní obìnrin yìí ti le jù, pé ó ń fura sí ọmọ ọlọ́mọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo gòkè lọ. Títí dòní, ibi tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀, mo sì gbé e mì, kí àwọn tí n kò mọ̀ rí má baà pè mí lẹ́ni tí kò níwà.

Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, mo rí i pé ṣéènì kékeré tó yẹ kí n fi kọ́ ọ láti inú ti já kúrò, ihò ìṣó nìkan ló kù lára igi. Ìgbà yẹn ni mo rántí rọ́bà àbúrò mi obìnrin. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orí rẹ̀ tín-ínrín, ìdí rẹ̀ nípọn, abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì í sí. Mo ti bá a jà lórí rẹ̀ nígbà tí mò ń di ẹrù, pé àpò mi ti wúwo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ nítorí tèmi.” Òun náà ló ní kí n ṣí ibi tí mo wà sílẹ̀ fún òun lórí WhatsApp, èyí tó lè ṣiṣẹ́ títí dé wákàtí 8, kó lè máa rí mi lójú ọ̀nà. Òun ló tún kọ 112 sínú fóònù mi, nọ́ńbà pàjáwìrì tó ń lọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ní níbi tí kò bá ti lọ, kí n béèrè tiwọn kí n tó sùn.

Mo fi ẹsẹ̀ ti rọ́bà náà sábẹ́ ilẹ̀kùn, mo gbàdúrà, mo sùn.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìró kékeré kan jí mi, “tín”, bí ilẹ̀kùn ṣe máa ń ṣe tó bá gba káàdì. Ọwọ́ ilẹ̀kùn yí wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, tín-ínrín bí okùn, ó nà lórí ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó dúró síbẹ̀, kò fẹ̀ mọ́. Ẹni náà tún fi èjìká tì í, rọ́bà náà ké “kíín”, mo sì rí ìka mẹ́rin tó di etí ilẹ̀kùn mú. Mo kà wọ́n, ẹ̀yin ará. Mẹ́rin ni.

Bó ṣe ń tì í tó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń gun rọ́bà náà, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Agbára ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló ń há a mọ́ ìta. (Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú nìkan ni rọ́bà yìí wúlò fún o. Kò lè ṣe nǹkan kan fún èyí tó ń ṣí síta.)

Mo fẹ́ kígbe, ohùn kò jáde. Mo pe Ọlọ́run nínú. Nígbà tí ohùn máa jáde, “Iná! Iná ń jó o!” ni mo ké, nítorí mo ti gbọ́ rí pé ẹni tí kò ní jáde fún “ẹ gbà mí” lè jáde fún iná. Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí. Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbàlagbà kan: “Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?” Àwọn ìka náà pòórá, ẹsẹ̀ sì ń dún lọ lórí àtẹ̀gùn.

Mo pe 112. Obìnrin tó gbé e ní kí n má pa fóònù, kí n má sì yọ rọ́bà náà títí àwọn ọlọ́pàá á fi dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá yẹn kò padà sí yàrá rẹ̀. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gba ibi tóóró tí ilẹ̀kùn ṣí dé bá mi sọ̀rọ̀: “Ọmọ mi, mo wà níbí. N kò lọ.” N kò rí ojú rẹ̀ títí wọ́n fi dé, ṣùgbọ́n mo rí etí aṣọ ìsùn rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ń súre fún obìnrin yẹn lójoojúmọ́.

Wọ́n mú ọkùnrin náà nísàlẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́yìn mi lálẹ́ ni. Ó lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ òru, ó ní káàdì yàrá 214 ti sọnù lọ́wọ́ òun, wọ́n sì ṣe òmíràn fún un. Wọn kò bi í lórúkọ, wọn kò bi í ní ìwé. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló ní, ó sì tó o.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni obìnrin ń wá nìkan. Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni mo ń wá. Ẹni tó gba káàdì yàrá oníyàrá ni kí wọ́n bi léèrè.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ìfura sọ́kàn àbúrò mi kí ewu tó dé. Nígbà tí mo padà délé, ó gba rọ́bà náà lọ́wọ́ mi, ó rí ibi tí ilẹ̀kùn ti gé e lójú, ó bú sẹ́kún. Ó fẹ́ ra tuntun fún mi. Mo ní rárá, èyí náà ni màá máa gbé.

Ó wà nínú àpò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo tún rìnrìn-àjò. Ọmọbìnrin tó gbà mí lálejò la ẹnu láti pe nọ́ńbà yàrá mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.” Ó wò mí díẹ̀, ó mú bírò, ó kọ ọ́.