Nígbà tí mo gẹ irun mi ní Kúbwà

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá mi bi mí lórí fóònù ni pé, "Bàbá Tólú ńkọ́?" Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní ó wà nínú ilé. Ó ní, "Gbé fóònù fún un kí n gbọ́ ohùn rẹ̀." Ọkọ mi gbà á, ó kí i, ó ní àlàáfíà la wà. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ tí màmá mí kanlẹ̀.

Fọ́tò kan ló fà á. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí WhatsApp pé kó wo orí mi. Mo ti gẹ irun mi mọ́lẹ̀, ewú sì hàn kedere. Àbúrò mi fi han màmá. Lójú màmá, tí irun bá ṣàdédé kúrò lórí obìnrin tó wà nílé ọkọ, nǹkan kan ṣoṣo ló lè fà á. Nígbà tí bàbá wa kú ní 1998, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti fá irun tirẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ṣì rántí bí abẹ ṣe ń dún. Síbẹ̀ n kò ronú kan ìyẹn rárá kí n tó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó sì ń dùn mí títí di òní pé mo kó o láyà sókè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Òkè Ọya bíi tèmi lè gbàgbé ohun tí orí òun ń sọ fún àwọn ará ilé.

Ọdún 2001 ni iṣẹ́ ìjọba gbé mi wá sí Àbújá, mo jẹ́ ẹni 30 ọdún. Irun kíkó ni mo gbé wá. Nílé, tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, màmá á jókòó sórí àpótí, èmi á wà nílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, òwú dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ìgò àdín àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Tí kò bá fi òwú kó o, á dì í: ṣùkú ni lọ́sẹ̀ yìí, kòlẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Irun tó bá já sínú òòyà, á ṣà á jọ, á sun ún. Ó ní orí ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń gbá dà nù. Ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, J.D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irú irun báwọ̀nyí ní 1968, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà. Tí mo bá rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bíi pé ọwọ́ màmá mi ni mò ń wò.

Oṣù kejì tí mo dé ọ́fíìsì, ẹnì kan wo òwú orí mi, ó bi mí bóyá abúlé ni mo ti ń bọ̀. Mo tú u lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe bọ́ sínú rìlásà nìyẹn, láti rìlásà bọ́ sí atáṣímẹ́ǹtì, láti orí atáṣímẹ́ǹtì bọ́ sí wíìgì. Ogún ọdún! Màá jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí n lè bá ọkọ̀ kúrò ní Kúbwà, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí. Lóṣù kẹta, tí oòrùn Àbújá bá ń jó bí iná, òógùn á máa ṣàn sí mi lọ́rùn títí màá fi délé. Ngozi Okonjo-Iweala ni mínísítà ètò ìnáwó láàárín ìgbà yẹn, gèlè àǹkárá ló sì ń wé lọ síbi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ níbí, ìbáà jẹ́ lókè òkun. Mo máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń wù mí. Ṣùgbọ́n mínísítà ni, n kò rò pé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ èmi akọ̀wé.

Nígbà tí mo fi máa pé 48, nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège, irun mi náà sì ti yí padà. Ó fẹ́lẹ́, ó ń já wẹ́wẹ́, pàápàá tí ọyẹ́ bá dé. Ní iwájú etí méjèèjì, ibi tó tó ìbú ìka méjì ti pá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa wíìgì wá síwájú láti bò ó, gọ́ọ̀mù sì tún ń fà á tu sí i.

Dókítà awọ ara tí mo lọ rí fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní irun 50 sí 100 ló ń já lórí ènìyàn lójoojúmọ́, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Tí nǹkan oṣù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn èròjà ara kan a dín kù, irun kọ̀ọ̀kan kì í wá pẹ́ lórí tó bíi ti tẹ́lẹ̀ kó tó já, èyí tó bá sì hù dípò rẹ̀ a tín-ín-rín. Ìyẹn ni ti ọjọ́ orí. Ti iwájú etí ní tirẹ̀, fífà ló fà á: ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ń fa gbòǹgbò irun. Ó ní tí ènìyàn bá tètè jáwọ́, ó lè hù padà. Tí ibẹ̀ bá ti ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó di kò ṣeé ṣe. Ó fọwọ́ kan etí mi òsì, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó rí.

Síbẹ̀, dókítà kọ́ ló mú mi pinnu. Hájíyà tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa ni. Ará Kàtsínà ni, ó ti lé ní 65. A ti jọ ń gbé fún ọdún mẹ́tàlá, n kò rí irun rẹ̀ rí, híjáàbù ló máa ń wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un, ó ní kí n wọlé dé yàrá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣe kitso fún un, bí Haúsá ṣe ń pe irun dídì. Ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, funfun báláú, ó gùn dé èjìká. Iwájú orí rẹ̀ pé pérépéré. Mo bi í pé kí ló ń fi sí i. Ó ní òróró lásán, àti pé òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ó ní àwọn ará ilé òun nìkan ló ń rí irun òun, nítorí náà kò sí ará ìta tí òun ń dì í fún.

Mo délé, oorun kò kùn mí.

Ní Sátidé kejì, mo lọ bá onídìrí mi, ọmọ Ìsẹ́yìn. Mo ní kó gẹ̀ ẹ́. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ọkọ yín mọ̀?" Mo ní ó mọ̀. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, mo rí orí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àfi pé ó ti funfun. Onídìrí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa gbogbo irun náà jọ, ó dì í sínú ọ̀rá, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀, n kò béèrè. Mo sun ún lẹ́yìn ilé wa.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan rán mi létí pé Bíbélì sọ pé ògo obìnrin ni irun gígùn. Mo gbọ́, n kò bá a jiyàn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń sọ pé obìnrin tó bá ti pé 50 kò gbọ́dọ̀ ní irun gígùn mọ́, bíi pé òfin ni. Ta ló ṣe é? Ti Hájíyà gùn dé èjìká, ó sì yẹ ẹ́. Tèmi ò gùn tó ìka kan, òrí tí wọ́n ń kó wá láti ìpínlẹ̀ Niger ni mò ń fi pa á láàárọ̀, mo sì lè fi omi tútù sí i kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Bó bá ti rọ awọ orí kálukú lọ́rùn ni kó ṣe.

Nígbà Kérésì, mo lọ sílé. Màmá ti pé 81. Ó fọwọ́ pa orí mi síwá sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, ó pè mí sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tú ìborí rẹ̀. N kò rí orí rẹ̀ láìsí nǹkan lórí láti ọjọ́ tí wọ́n fá a. Irun tó hù padà kò pọ̀, ó rọ̀ bí òwú ẹ̀gbọ̀n. Ó na òwú dúdú sí mi. Mo jókòó sórí àpótí, òun jókòó sórí ẹní níwájú mi, mo là á sí mẹ́rin.

Ó ní, "Má fà á o."

Mo ní, "Mi ò ní fà á, mà."