Ohun tí mítà fi hàn mí nípa kọ́rẹ́ńtì

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná yé yín, ẹ má tíì há ìlànà Ohm, ìyẹn òfin ìṣirò iná, sórí. Ẹ wá bátìrì kan, gílóòbù kéékèèké méjì, wáyà àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Bátìrì ni mo wí o, kì í ṣe iná ilé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé gílóòbù máa ń jẹ lára kọ́rẹ́ńtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú wáyà, kó tó jáde. Kì í jẹ ẹ́. Mo tú wáyà tó wọ gílóòbù, mo fi mítà sáàárín, kọ́rẹ́ńtì tó kà jẹ́ áńpíà 0.2. Mo gbé e lọ sí ọ̀nà tó gbà jáde, 0.2 náà ni. Fólítéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti kọ́rẹ́ńtì, ló ń dín kù. Mo to gílóòbù méjì tó jọra tẹ̀lé ara wọn lórí bátìrì fólítì 6: fólítì 3 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tàn bàìbàì. Nígbà tí mo so kálukú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ bátìrì kan náà, àwọn méjèèjì tàn yòò, ṣùgbọ́n ọrùn bátìrì ni gbogbo ẹrù náà wà.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Georg Ohm, ará Jámánì tó gbé ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1827, tó wọ̀ mí létí. Ẹ fi ìdènà, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dí kọ́rẹ́ńtì lọ́wọ́ tó, pín fólítéèjì, kọ́rẹ́ńtì lẹ máa rí: fólítì 6, ìdènà ohm 30, kọ́rẹ́ńtì á jẹ́ áńpíà 0.2. Àmọ́ ẹ má wọn ìdènà gílóòbù nígbà tó tutù kí ẹ wá fi ṣírò. Wáyà inú rẹ̀ ń dènà gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ti gbóná. Ẹ sì yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó wọn ìdènà ohunkóhun.

Ojú ìsopọ̀ wáyà ni mo ti rí ìwúlò ìṣirò yìí jù. Ìsopọ̀ tó dẹ̀ lè ní ìdènà ohm 0.5 péré. Kò jọ nǹkan kan, àbí? Bí áńpíà 10 bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ṣírò kọ́rẹ́ńtì lọ́nà kọ́rẹ́ńtì lọ́nà ìdènà: 10 lọ́nà 10 lọ́nà 0.5, wáàtì 50 ló ń di ooru lójú kan tí kò ju èékánná lọ. Ike ibẹ̀ á dúdú, á máa rùn, fíúùsì ò sì ní já, torí kọ́rẹ́ńtì ò pọ̀ jù. Nítorí náà, bí púlọ́ọ̀gì bá ń gbóná, fíúùsì ńlá kọ́ ló kàn. Ẹ pa iná níbi tó ti ń wọlé, ẹ tú ìsopọ̀ náà, ẹ ha ojú bàbà rẹ̀ kó mọ́, kí ẹ sì dè é le dáadáa. Bí ike rẹ̀ bá ti yọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.