Wọ́n Dá Mi Lulẹ̀, Mo Gba Góòlù

Nínú dójò wa n'Íbàdàn, ibi tí a ti ń kọ́ kàrátè, tí a bá ti ṣe tán l'ọ́jọ́ Sátidé, tí gbogbo wa ti tẹríba tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tíì sáré lọlé o, torí àkókò ìròyìn ti tó nìyẹn. Akọ̀wé wa á yọ ìwé kékeré kan jáde látinú báàgì, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá bẹ̀rẹ̀: lágbájá ti bọ́ sí bẹ́líìtì gíríìnì, tàmẹ̀dù ti gba ìwé rẹfirí, ìyàwó Sénpáì, ẹ̀gbọ́n wa nínú dójò, bí ìbejì, ẹni báyìí gba fàdákà l'Ékòó. A máa ń pàtẹ́wọ́ gan-an. Ọkùnrin tó ń ta páàtì mọ́tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kọ́sítọ́mà ń bú, tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀ síta báyìí, ẹ ò ní mọ ibi tó máa kó eyín sí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé akọ̀wé wa yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwọ̀nba. Tó o bá ṣe ipò kẹta láàárín èèyàn mẹ́ta, á ní o "gòkè dé orí pèpéle àwọn olúborí." Mọ́mì kan wà láàárín wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n ṣe ìdánwò bẹ́líìtì yẹ́lò, Heian Shodan ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Ìṣísẹ̀ 21 ni kátà yẹn (kátà ni ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ tí wọ́n tò léra, téèyàn ń dá ṣe láìsí alátakò), ibi téèyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ náà ló yẹ kó parí sí. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, ẹ̀gbẹ́ tábìlì àwọn tó ń máàkì ni wọ́n parí ẹ̀ sí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jókòó lé ọ̀kan lára wọn lẹ́sẹ̀. Akọ̀wé wá kéde fún wa pé "kátà wọn wọ àwọn adájọ́ lára." Ká má parọ́, wọ́n yege ṣá, ẹsẹ̀ wọn dúró nílẹ̀ ju tàwa ọ̀dọ́ lọ. Tó o bá sì dárúkọ ọjọ́ orí lọ́dọ̀ wọn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ṣé o ò mọ̀ pé ẹni ọdún 39 ni Sandra Sánchez ará Sípéènì nígbà tó gba góòlù kátà ní Tokyo ní 2021, kó o jọ̀ọ́ fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀.

Ọwọ́ irú akọ̀wé báyìí ni ìròyìn tèmi wá bọ́ sí.

Ìdíje kan wáyé l'Ábẹ́òkúta. Kílò mi ju 84 lọ (ẹ má bi mí pé ó fi mélòó jù ú lọ), nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn abara-ńlá ni wọ́n kó mi sí, ọ̀dọ̀ wa yẹn kì í sì í kún, àwa mẹ́rin péré la forúkọ sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kó kojú mi, mọ́tò tó gbé e bọ̀ dákú sọ́nà. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀, wọ́n tún un pè, wọn ò rí i, rẹfirí bá nawọ́ sí mi pé mo wọlé. Mo tẹríba fún atẹ́gùn, mo kúrò lórí máàtì. Bí mo ṣe dé fáìnà nìyẹn láì tíì kan ẹnì kankan lára.

Ẹni tó kù wá jẹ́ ọmọ Èkó kan, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́ ọrùn, ó jẹ́jẹ́, ó kí mi pé "ẹ káàsán sà" ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ máa sá fún ẹni tó bá kí yín dáadáa kó tó bá yín jà. Èmi so bẹ́líìtì pupa, òun so búlúù. Rẹfirí ní "hajime," ìyẹn ni pé ká bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n fọwọ́ òsì tàn án kí n wá fi ọ̀tún bá a, ohun tí mo rí kẹ́yìn ni àtẹ́lẹsẹ̀ kan, ó mọ́ tónítóní, mo tiẹ̀ ráyè rò ó lọ́kàn pé ọmọ yìí mọ ẹsẹ̀ fọ̀. Mo wó lulẹ̀ bí àpò gàrì.

Nígbà tí mo lajú, dókítà ti wà lórí mi. Ó ní ìlú wo la wà? Mo ní "Heian Nidan." Ó ní kí n máa sùn lọ. Mo wá ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn, ohùn Sẹ́nsé, olùkọ́ wa, ni, mo ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí, àṣé rẹfirí ti nawọ́ sí ọ̀dọ̀ mi, ó ti ní "Aka no kachi." Pupa ló borí. Pupa tó wà nílẹ̀!

Òfin ni o, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Nínú kumite, ìyẹn ìjà ẹni méjì, ẹ̀ṣẹ́ máàkì kan ni, ẹsẹ̀ tó bá balẹ̀ síkùn tàbí ẹ̀yìn máàkì méjì, tó bá dé orí, mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń lọ sí orí yẹn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa dúró, kó kan awọ, kó má kan ọpọlọ. Tó bá le jù, tí ẹni tí wọ́n gbá ò lè dìde mọ́, wọ́n á lé ẹni tó gbá a jáde, góòlù á wá di ti ẹni tó ń hanrun. Bí wọ́n ṣe gbé góòlù kọ́ mi lọ́rùn nìyẹn, Sẹ́nsé dì mí mú lápá ọ̀tún, dókítà dì mí mú lápá òsì, gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò.

Sátidé tó tẹ̀lé e, akọ̀wé ka ìròyìn. Ó ní mo lọ sí Abẹ́òkúta, kò sí alátakò tó lè borí mi, ẹni tó kojú mi kẹ́yìn gan-an, wọ́n lé e kúrò lórí máàtì. Ẹ tún un kà dáadáa, ẹ ò ní rí irọ́ kan níbẹ̀! Ó wá ṣe fọ́tò sí WhatsApp, ó fi kìnnìún sápá kan, ó fi iná sápá kejì, orí mi wà láàárín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú yẹn jẹ́ kí ojú mi le dáadáa. Àbúrò mi obìnrin rí i, ó fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì wa l'Ọ́fà.

Kí ẹ tó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kàrátè, Mọ́mì ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní ṣé jàǹdùkú ni mo fẹ́ dà pẹ̀lú ìwé tí mo kà. Mọ́mì kan náà ló pè mí láago mẹ́fà ìdájí, wọn ò kí mi, wọ́n kàn fi igbe ta: "Àjààààní! Ọmọ Ọlálomí! Ọmọ abíṣujóókọ! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!"

Mo ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín."

Wọ́n ní ṣàlàyé kí ni? Ṣé ẹni tó na èèyàn ló ń ṣàlàyé ni?

"Mọ́mì, kì í ṣe pé mo na..."

Káàdì wọn tán. Kì í sì í tán o, tó bá jẹ́ pé ìyàwó tí mi ò tíì fẹ́ ni wọ́n ń bá mi sọ.

Nígbà tí mo fi máa délé l'ọ́pin ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ta kánópì síwájú ilé. Kánópì! Adìẹ ti wà lórí iná, àwọn ìyá ẹgbẹ́ alásàlátù ti dé, àwọn ọmọ àdúgbò ń fò sókè wọ́n ń ké "hùú! háà!", Bàbá Àgbà jókòó síwájú pátápátá nínú agbádá, wọ́n wọ gíláàsì tí wọ́n máa ń wọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ka ìwé ilẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, Bàbá Àgbà wa ja gídígbò nígbà èwe wọn, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì jà rí lẹ́yìn wọn títí orí fi dé kàn mí. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀, wọ́n fi ìrùkẹ̀rẹ̀ nà mí lẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oríkì, wọ́n kì mí láti ọ̀dọ̀ Ọlálomí títí dé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí mi, ojú wọn tutù fún omijé. Wọ́n gbé itan adìẹ síwájú mi. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò tíì ṣí, ògì ni mò ń mu láti ọjọ́ yẹn. Mọ́mì wá ń sọ fún àwọn àlejò pé ẹ wò ó, báwọn akíkanjú ṣe ń ṣe nìyẹn, wọn kì í jẹun púpọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ rèé. Ọmọ kékeré kan nínú dójò wa ló ya fídíò ìjà yẹn, ó ti gbé e sí status, kásìn mi kan sì ti sè é sílẹ̀ de ọjọ́ yìí. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé síta, ó ní "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wo ọmọ yín!"

Mo ní iná ò ní pẹ́ lọ. Iná ò lọ. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kí NEPA ṣiṣẹ́ ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn.

Fídíò bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọmọ Èkó yẹn ṣe gbéra báyìí, Mọ́mì fò sókè, ijó ló kù, "Ọmọ mi rèé o! Ẹ wo ẹsẹ̀ lókè!" Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn náà ń pariwo, wọ́n ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Mo ń gba owó, mo ń làágùn. Kásìn mi dá a padà, ó tún fi í sí èyí tó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Àgbà ní "Ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Mọ́mì ní "Ẹni tó nà nìyẹn, Bàbá."

Bàbá bọ́ gíláàsì, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà, wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ikùn yìí. Ikùn Àjàní nìyí."

Jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ̀ ń gbọ́.

Mo wá ṣàlàyé. Mo sọ ti máàkì mẹ́ta, mo sọ ti awọ àti ọpọlọ. Bàbá ní "Dúró ná. Ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀?" Mo ní tèmi ni sà. "Ta ló wá borí?" Mo ní èmi náà ni sà. Wọ́n ní nígbà tiwọn, tí ẹ̀yìn èèyàn bá ti kanlẹ̀, ilé ìyá ẹ̀ ló ń lọ, kì í ṣe ilé ìṣúra. Wọ́n ní ta ló ṣe òfin yìí? Mo ní nǹkan àwọn ará Okinawa ni, Funakoshi ló mú un dé Tokyo ní 1922, òun fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ fẹ́ràn ìdíje, lẹ́yìn ẹ̀ làwọn ọmọ ẹ̀ wá ń ṣe é. Bàbá ní Funakoshi yẹn gbọ́n, ó ti rí irú èmi ṣáájú.

Mo ní kò burú, kì í ṣe èmi nìkan, ẹ wo ti Òlíḿpíìkì. Mo wá a sórí fóònù fún wọn: 2021, Tokyo, fáìnà àwọn abara-ńlá, Tareg Hamedi ọmọ Saudi Arabia ti ń fi máàkì mẹ́rin sí ẹyọ kan na Sajad Ganjzadeh ọmọ Íráànì, ó gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn bá a lọ́rùn, ọmọ Íráànì dákú, wọ́n fi ibùsùn gbé e jáde. Wọ́n lé ọmọ Saudi. Ẹni tí wọ́n gbé jáde yẹn jí, wọ́n ní òun ló gba góòlù. Òlíḿpíìkì gangan o! Kàrátè ò sì tún sí níbẹ̀ mọ́ ní Paris ní 2024, nítorí náà kò tíì sí ẹni tó gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá wò ó dópin. Wọ́n ní "Wọ́n se àsè fún òun náà nílé?"

Mo ní ó ṣeé ṣe sà.

"Ṣé ó rí ẹran jẹ?"

Mi ò fèsì.

Bàbá ní oríkì tí wọ́n kì lẹ́ẹ̀kan yẹn ńkọ́, wọ́n ti gbà á padà. Ẹ̀rín ló kù tó pa gbogbo kánópì, àyàfi Mọ́mì tó ń sọ pé góòlù ni góòlù, ẹ jẹun, ẹ jẹun, ẹ má dá Bàbá lóhùn. Ìyá kan tiẹ̀ rọra wá yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà kúrò nínú owó tó lẹ̀ mọ́ mi, ó ní òun ṣì í gbé ni.

Bàbá ní ṣé mo ní nọ́ńbà ọmọ tó tapá yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ló ń pè mí láti bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n pè é, kí n gbé e síta káyé gbọ́.

"Ẹ káàsán sà."

"Ìwọ lo ta ọmọ-ọmọ mi nípàá?"

"Ẹ̀ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fòrí jì mí, mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀..."

"Mi ò bá ẹ jà. Níbo ni ìyá ẹ ti wá?"

Ó ní Ìkirè ni. Bàbá ní ìyá ìyá ẹ ńkọ́? Ó ní Ìkirè náà ni. Bàbá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, kó ronú dáadáa. Ọmọ yẹn dákẹ́, ó wá ní ó dà bíi pé bàbá tó bí ìyá àgbà òun ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ibi téṣàn tí wọ́n gbé e lọ ló ti fẹ́ ìyàwó, ó ṣe díẹ̀ kó tó rántí orúkọ ìlú yẹn.

Ó ní "Ọ̀fà, sà."

Bàbá Àgbà dìde. Láìmú ọ̀pá! "Mo mọ̀! Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn!" Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sẹ́nu, gbogbo oríkì tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ mi ni wọ́n kó fún un, wọ́n tún fi èyí tí èmi ò gbọ́ rí lé e, ohun tí ọmọ yẹn sì ń dáhùn lóhùn-ún kò ju "Oss, Bàbá, oss" lọ, báwa oníkàrátè ṣe máa ń dá ọ̀gá lóhùn.

Mọ́mì ti ń di itan adìẹ mi sínú nylon. Wọ́n ní ìgbà wo lẹ tún máa pàdé níbi ìdíje, kí n bá wọn gbé e fún un.