Ìbọn Mi Ni, Àbúrò Mi Ló Lọ Sẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin ará wa ní Texas, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi.

Àbúrò mi kó sí wàhálà káàdì báńkì nígbà kan. Kò lu ẹnikẹ́ni, kò yọ ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ní Texas, felony ni kí èèyàn fi káàdì oníkáàdì rajà láìgba àṣẹ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó ń mú kí òfin ka ìbọn léèwọ̀ fún ẹni tó bá dá a. Wọ́n dá a lẹ́bi, adájọ́ sì ní kó máa gbé nílé lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba. Ọ̀dọ̀ mi ní Houston ló kó wá.

Mo ní ìbọn ìléwọ́ kan tí mo rà lọ́nà tó bófin mu. Láti September 1, 2021, Texas kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àgbàlagbà tí òfin kò ka ìbọn léèwọ̀ fún mọ́ kó tó gbé e jáde. Bí mo ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ ni mo ń mú tèmi. Inú ọkọ̀ ni mo máa ń fi í sí, níbi tí à ń kó ìwé ọkọ̀ sí níwájú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rán àbúrò mi lọ ra iṣu lójú ọ̀nà Bissonnet. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan kò tàn, ọlọ́pàá dá a dúró, ó ní kó mú ìwé ìnṣọ́ọ́ránsì wá. Bó ṣe ṣí ibẹ̀ ni ìbọn yọjú. Ó rò pé òun ń gba ara òun sílẹ̀, ó ní, “Ìbọn ẹ̀gbọ́n mi ni, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí.”

Gbólóhùn yẹn ló dè é. Lọ́yà ló là mí lójú: òfin kò wo ẹni tó ra ìbọn. Ṣé ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣé ó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ohun tó ń wò nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 10 ni, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó 10,000 dọ́là. Ọdún 2 ni wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n ń mú un jáde ní kóòtù, ó yíjú sí mi, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má sunkún.”

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní pátì: “Tó bá ti pé ọdún 5, ó ti tán.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Lóòótọ́, òfin Texas ní bí ọdún 5 bá ti kọjá lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n tàbí ìṣọ́, èyí tó bá parí kẹ́yìn, èèyàn lè ní ìbọn nínú ilé tó ń gbé, ibẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ kò mọ ọdún 5 kankan. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún 1 lọ, bí kò tilẹ̀ lo ọjọ́ kan níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta, àfi tí wọ́n bá pa ẹ̀bi náà rẹ́ tàbí tí wọ́n dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Láti 2022, ìjìyà rẹ̀ lè tó ọdún 15. 10 ni tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni àbúrò mi. Tó bá jẹ́ gíríìnkáàdì ló ní, bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ìbọn nìkan, ó tó kí wọ́n lé e padà sílé.

Tí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi felony bá ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé ìbọn kúrò nílé àti nínú ọkọ̀ kó tó dé. Ẹ kọ́ ọ pé tí ọlọ́pàá bá dá a dúró, kó fi ìwé ọkọ̀ hàn, kó ní òun fẹ́ rí lọ́yà òun, kó sì pa ẹnu mọ́. Ká ní mo ti kọ́ tèmi ni.

Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò dé. Mo ti ta ìbọn náà. Lánàá, mo gbé gbogbo ìjókòó ọkọ̀ sókè láti wò ó, mo sì rí ọta kan lábẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn.